Òǹkà Òwú Inú Tákàdá Àáfà

Ní ọdún kejì tí rélùwéè dé Ìlọrin, obìnrin kan wà ní Pàkátà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní orúkọ. Hàlímọ̀tù ni wọ́n ń pè é. Kì í hun aṣọ, kì í ran òwú, kì í sì í tà á. Ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì, yóò gbé gáfákà aláwọ kan kọ́ èjìká, irú èyí tí àwọn àáfà ń kó ìwé sí, yóò sì máa lọ láti ìdí òfì kan dé ìdí òfì mìíràn. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò máa ka òwú tí àwọn ahunṣọ ta sílẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kà á tán, yóò yọ tákàdá kan nínú gáfákà, yóò wò ó bóyá ohun tí a kọ síbẹ̀ bá ohun tí ó wà lórí òfì mu. Bí ó bá bá a mu, yóò dá tákàdá padà, yóò kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, yóò lọ.

Ọkọ rẹ̀, Àáfà Abdulmumini, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Aṣọ òfì kì í fẹ̀ lórí òfì; tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìbú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n á hun ún lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n á wá rán an pọ̀ kí ó tó di ìró tàbí agbádá. Bí iṣẹ́ ńlá bá dé, àwọn ará Pàkátà á hun ìdajì, àwọn ará oko tí wọ́n mọ òfì, títí dé Malete, á hun ìdajì yòókù. Bí òǹkà òwú wọn kò bá dọ́gba, ìlà kò ní pàdé ìlà nígbà tí wọ́n bá ń rán an. Ìdí nìyí tí Àáfà fi kọ ọnà kọ̀ọ̀kan sójú tákàdá tirẹ̀, ní Àjàmí, èyí ni èdè wa tí a fi lẹ́tà kéú kọ: òwú funfun mélòó, òwú dúdú mélòó, èwo ló ṣáájú. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni gbogbo tákàdá náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ hun ọnà kan á wá dà á kọ lọ sílé rẹ̀.

Ọ̀nà Kánò ni Àáfà kú sí, níbi tí ó ti ń lọ ra ìwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ràúdátù, wà nílé ọkọ ní Bídà. Hàlímọ̀tù kò ní sàréè tí ó lè lọ dúró tì. Gáfákà yìí ló kù fún un. Bí ó bá ṣí i, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ni ó ń rí, àwọn lẹ́tà gbọọrọ tí wọ́n fara ti ẹ̀yìn díẹ̀ bí ẹni tí ó jókòó sí àga tí ó tù ú lára. Nígbà mìíràn, yóò yọ tákàdá kan tí kò ní nǹkan í fi ṣe lọ́jọ́ náà, yóò kàn máa wò ó.

Àwọn ahunṣọ kì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Olùkà-òwú ti dé o!” Wàhábì ni yóò kọ́kọ́ pariwo. Òun ni olórí wọn, ẹ̀gbọ́n Àáfà ni. “Ẹ mójú tó irùngbọ̀n yín. Bí ọ̀kan bá já bọ́ sórí òfì, ìyàwó wa á kà á mọ́ ọn!”

Hàlímọ̀tù á kúnlẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa ka òwú rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá dé ilé, yóò rántí ọ̀rọ̀ tí ìbá fi dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún mọ́.

Rélùwéè ló mú ìyípadà wá. Òwú òyìnbó tí ó ń kó dé tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tí àwọn ìyá wa ń fọwọ́ ran lọ. Àwọn ahunṣọ Pàkátà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta iye òwú tí wọ́n ń ta tẹ́lẹ̀, ìlà rẹ̀ á fúnpọ̀ jù. Nínú ọnà tí wọ́n ń pè ní Ojú Àdàbà, níbi tí òwú dúdú mẹ́jọ ti máa ń wà, wọ́n sọ ọ́ di méjìlá. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Hàlímọ̀tù ló kà á, tí ó tún un kà, tí ó sì rí i pé tákàdá Àáfà kò sọ òtítọ́ mọ́.

Ó gbé kálámù àti tàdáwà, yíǹkì àwọn àáfà, sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó sì ronú títí. Ó ti gbé pẹ̀lú àáfà fún ogún ọdún. Ó mọ̀ pé ohun tí olùkọ́ bá kọ, ẹni tí ó dé lẹ́yìn kì í fọwọ́ kàn án. Etí ìwé ni ó ń kọ tirẹ̀ sí, wínníwínní, pẹ̀lú ìtẹríba. Báyìí ni Àáfà fúnra rẹ̀ máa ń ṣe sí àwọn kìtábù ńlá. Nítorí náà, ó kọ ọ́ sí etí tákàdá pé, “Méjìlá ni nísinsìnyí.” Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Títí ọdún fi yí, ó ti kọ nǹkan sí etí tákàdá mọ́kàndínlógún, kò sì ba lẹ́tà Àáfà kan jẹ́.

Sàfúrátù, obìnrin oníṣòwò kan ládùúgbò, wá bẹ iṣẹ́ Ojú Àdàbà fún yìgì ọmọ rẹ̀, Talatu. Wàhábì gba ìdajì, ó sì ránṣẹ́ ìdajì kejì sí Jímọ́ọ̀, ahunṣọ kan ní Malete, pẹ̀lú òwú òyìnbó tí yóò fi hun ún. Jímọ́ọ̀ wá dà á kọ lọ́dọ̀ Hàlímọ̀tù. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì mọ kéú dáadáa. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń kọ ọ́ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Inú Hàlímọ̀tù dùn pé ẹnìkan jókòó nínú yàrá náà, débi pé kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dá a dúró, kí ó má baà tètè dìde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ránṣẹ́ pe Hàlímọ̀tù sí ìdí òfì Wàhábì. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lórí ẹní, ti Pàkátà lápá kan, ti Malete lápá kejì. Ìlà dúdú ti Malete rí tín-ínrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Pàkátà, kò sì sí èyí tó pàdé ara wọn.

“Jímọ́ọ̀, kí lo hun yìí?” Wàhábì ń béèrè.

“Ojú Àdàbà ni, Bàbá.”

“Àdàbà wo? Èyí tí oorun ń kùn?”

Àwọn ahunṣọ bú sẹ́rìn-ín. Jímọ́ọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó na tákàdá tí ó dà kọ síwájú. “Mẹ́jọ ni Àáfà kọ. Mẹ́jọ ni mo ta.”

“Mo kọ méjìlá sí etí rẹ̀,” ni Hàlímọ̀tù wí.

“Mo rí i, Ìyá. Wàlláhì, mo rí i. Ṣùgbọ́n nílé kéú, ọ̀rọ̀ àárín ni ọ̀rọ̀. Ti etí jẹ́ ti ẹni tó wá ń ṣàlàyé. Mo rò pé ẹnìkan ló ń bá Àáfà jiyàn ni, mo sì gbà pé Àáfà ló mọ̀ jù.”

Hàlímọ̀tù wo ìlà tín-ínrín náà. Bí ó bá jẹ́ òun ni, ohun tí òun náà ìbá ṣe nìyẹn.

Wàhábì nu ojú rẹ̀. “Ọjọ́ mẹ́fà ló kù sí yìgì. Jímọ́ọ̀ yóò dúró níbí, àwa méjèèjì ó jọ hun òmíràn. Tòò. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa, tákàdá tó ń sọ ohun méjì, mi ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ sídìí rẹ̀ mọ́. Yálà kó sọ ohun kan, tàbí kí a gbàgbé rẹ̀.”

“N ó da òmíràn kọ, Bàbá wa. N ó fi ti Àáfà pamọ́ sínú àpótí.”

“Ìyá, ẹ má bínú,” Jímọ́ọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Bí mo bá gbọ́ pé ti Àáfà ṣì wà nínú àpótí, n ó bẹ̀ yín kí ẹ yọ ọ́ fún mi. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?”

Wàhábì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ Malete kúrò lórí ẹní.

Lẹ́yìn ìrun aláásàrí lọ́jọ́ náà, Hàlímọ̀tù tẹ́ tákàdá Ojú Àdàbà sórí ẹní, ó bu omi sínú igbá kékeré, ó sì ki ẹ̀gbọ̀n òwú bọ̀ ọ́. Tàdáwà kì í le. Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ kúrò lójú wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéú ń kọ̀wé sí, ni a lè nù ún kúrò lójú tákàdá bí ọwọ́ bá rọ̀. Ó di ẹ̀gbọ̀n òwú náà mú títí omi fi kán sórí itan rẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbọ́ ohun tí Àáfà ìbá sọ. Kò gbọ́ nǹkan kan. Jímọ́ọ̀ ni ó ń rí lọ́kàn, tí ó tẹ̀ sórí òfì rẹ̀ ní Malete fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó ń fi tọkàntọkàn hun ohun tí kò wúlò, nítorí pé ó gba òkú gbọ́.

Ó nù ún. “Mẹ́jọ” kọ́kọ́ di eérú, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Ó dúró kí ojú ibẹ̀ gbẹ, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó kéré tí ó sì dúró ṣánṣán, kọ “méjìlá” sí àárín. Lẹ́yìn náà ni ó nu ti etí, kí ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tákàdá mẹ́rin ni ó ṣe tán bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun màgàríbà. Ó ń sunkún, ó sì ń gbé orí sẹ́yìn kí omijé má baà kán sórí lẹ́tà tí kò yẹ kí ó parẹ́.

Ọjọ́ yìgì, Talatu ró Ojú Àdàbà jáde. Hàlímọ̀tù jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń wo bí ìlà dúdú ṣe ń ré ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ kọjá láìyẹsẹ̀. Àwọn kan ní aṣọ náà dára. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ òǹkà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Jímọ́ọ̀ tún wá láti Malete láti da ọnà mìíràn kọ. Ó wo tákàdá náà.

“Ọwọ́ ta nìyí, Ìyá?”

“Ọwọ́ mi ni.”

“Ó dáa,” ni ó wí, ó sì dà á kọ, ó dìde, ó kí i, ó lọ. Hàlímọ̀tù fẹ́ sọ fún un pé orúkọ ọnà tí ó wà lókè ṣì jẹ́ ọwọ́ Àáfà, nítorí orúkọ kì í yí padà, ṣùgbọ́n Jímọ́ọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dá tákàdá padà sínú gáfákà. Ọ̀la ni Àlàmísì.