Èyí Tí Kì Í Yún

Ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú, bí ara ọmọ bá sú, èmi ni wọ́n máa ń gbé e wá bá. Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú mi mọ ara. Bó bá rí roboto, tí etí rẹ̀ ga, tí àárín rẹ̀ ń ṣí, làpálàpá ni. Bó bá wà láàárín ìka, tí ọmọ ń họra títí ilẹ̀ fi ń mọ́, kúrúnà ni. Ìléròrò ooru kò tó nǹkan, ẹ ṣáà wẹ ọmọ, kẹ́ ẹ yé kó aṣọ lé e lára.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi, tó ń dirun ní ibùdókọ̀ Benson, wá fi apá òsì rẹ̀ hàn mí, mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú kan péré ni, ó tó ìdérí ìgò, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó sì gbẹ. Mo ní làpálàpá ni. Mo gún ewé asúnwọ̀n, mo ń fi ra á láàárọ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo bi í bóyá ó ṣì ń yún un. Ó ní kò yún òun. Mo dúpẹ́ pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Kò sọ pé kò yún òun rí, èmi náà ò sì bi í. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń fi ewé ra á lára. Ojú kan di mẹ́ta.

Bí wọ́n bá dirun tán, omi gbígbóná ni wọ́n máa ń ti ìdí irun bọ̀, kó má baà tú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọ inú omi náà, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Oníbàárà ní, “Àǹtí, àbí irin ni wọ́n fi rọ ọwọ́ yín ni?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ti bó, ó sì ń bi mí ohun tó bó o.

Ní Èjìnrìn tí wọ́n bí mi sí, ìyá mi kì í dárúkọ àìsàn yẹn. Á kàn ní “èyí tí kì í yún.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ àìmọye ìgbà. Ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ yí ohùn díẹ̀, ó di ẹ̀tẹ́.

A ò lọ sí ọsibítù Ìkòròdú, ká má baà pàdé oníbàárà. Ẹ̀pẹ́ la wọkọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ní kó dijú, kó máa tọ́ka sí ibi tí òun bá ti fi òwú kàn án. Ó tọ́ka sí èjìká, ó tọ́ka sí ìgbọ̀nwọ́. Òwú dé orí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ mi dijú, ó ń retí.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀tẹ̀ ni, pé ọ̀fẹ́ ni oògùn, pé bó bá ti ń lò ó kò ní ran ẹnikẹ́ni, ká máa bá a jẹ, ká máa bá a sùn. Mo bi í nípa ọwọ́, torí ọmọńdinrín ìka rẹ̀ ti ń ká.

“Màmá, oògùn á pa àìsàn. Èyí tó ti kú nínú ọwọ́, mi ò lè ṣèlérí ẹ̀. Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?”

Mo sọ fún un. Kò bá mi wí, ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ń lo oògùn. A ti ṣọ́ọ̀bù, a ní ó rìnrìn àjò. Kì í bínú sí mi, ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lára. Láràárọ̀ á na apá sí mi, á dijú, á ní kí n fi òwú kàn án. Ní Jímọ̀ tó kọjá, kò tíì dijú pẹ́ tó fi ní, “Màmá, mo mọ̀ ọ́n lára. Ibí yìí.”

Òwú ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ojú rẹ̀ dì, ẹ̀rín ti fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ká ní mo dákẹ́, ara á tù ú títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹnu mi sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Mi ò tíì kàn ọ́.”

Ó la ojú, ó wo òwú lọ́wọ́ mi. Ó tún ojú dì, ó ní kí n kàn án.