Káàdì Ìyá Àdúrà Ajue

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sí etí títì, tó dà pọ̀ mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀, ni mo fi ń rántí yàrá kan ní Òrè. Ìwọ náà mọ ìgbà yẹn, nígbà tí ìlú le, tí ìjọba ológun dá àwa olùkọ́ dúró. Ìṣirò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òdígbó. Mo lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ sì gbà mí síṣẹ́ ní yàrá náà.

Iṣẹ́ wa ni láti sọ àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ di káàdì. Oògùn kòkó ti wọ́n. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá pé kò ní rí gbà. Èmi ni mo tẹ àkọsílẹ̀ náà, mo fi àmì sí iwájú àti ẹ̀yìn ohun kọ̀ọ̀kan: àmì orúkọ, àmì abúlé, àmì oko. Ó wá ku ìwé àṣẹ tí yóò sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe tò wọ́n.

Ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀gá mi, ọkùnrin tí mo fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù, ti forí gbárí. Àṣẹ kéékèèké ni mo kọ: ibikíbi tí o bá ti rí àmì orúkọ, ibi báyìí ni kí o gbé e sí. Mo kọ àlàyé sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀ gùn gbọọrọ bí okùn kànga: mú ohun kìíní, orúkọ nìyẹn; mú èkejì, abúlé nìyẹn. Ó wo tèmi, ó rẹ́rìn-ín.

“Màmá tíṣà, ṣé kíláàsì lẹ rò pé ẹ wà ni? Kọ̀ǹpútà kì í ka àlàyé.”

“Ẹni tó máa tún un ṣe ni yóò kà á.”

“Tèmi la máa lò.”

Mo mọ̀ pé tirẹ̀ yóò kọsẹ̀. Àwọn Aládùúrà ilẹ̀ wa kì í dá orúkọ wọn pè. Oyè ìjọ ló ń ṣáájú, bí wọ́n sì ṣe pè é ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àmì tirẹ̀; oyè wá di ohun kìíní, orúkọ di èkejì. Ọ̀gá kò bá wọn jókòó rí, kò lè mọ̀. Mo pa ẹnu mọ́. Mo fẹ́ kó tẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín oògùn, òjò ti ń sọ kòkó di dúdú lórí igi. Opó kan wọlé láti Ajue, láìwọ bàtà, sùtánà rẹ̀ rin gbingbin. Àwọn tó ń pín oògùn ti dá a padà. Níbi orúkọ lórí káàdì rẹ̀, “Ìyá Àdúrà” ló wà. Níbi abúlé, orúkọ tirẹ̀ gan-an.

“Ọmọ mi, ṣé èmi ni ẹ sọ di abúlé? Èèyàn mélòó ló ń gbé inú mi?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nawọ́ sí mi: “Màmá tíṣà ló tẹ̀ ẹ́.” Mo fi ìwé àṣẹ tèmi tẹ káàdì mìíràn tó péye, ìyá náà sì sáré padà síbi tí wọ́n ti ń pín oògùn. Oògùn ti tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá pa àwọn àlàyé mi rẹ́, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sórí iṣẹ́ mi, wọ́n sì gbé e ga. N kò tíì dárí jì í, n kò sì ní dárí jì í. Ṣùgbọ́n mo dé Ajue nígbà ìkórè. Kòkó ìyá náà ti gbẹ dúdú lórí igi, síbẹ̀ ó di ọsàn sínú àpò mi. Ọ̀gá kò mọ̀, èmi mọ̀. Èmi tí mo ń kọ àlàyé sórí ohun gbogbo, ọ̀kan ṣoṣo tí ì bá gba oko obìnrin yẹn là, òun ni n kò sọ.