Orúkọ Naimat Nínú Orin Kàfáyá

"Ìyá Waliyu, ta ló ṣẹ̀dá orin yìí?"

Ephraim ló bi Kàfáyá ní ìbéèrè yẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gba ohùn olórin sílẹ̀ ní Iyana Iyesi. Ó ti pẹ́ tí Kàfáyá ti ń kọ wákà káàkiri Ọ̀tà, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Nínú wákà, ọ̀gá ló ni orin. Ohun yòówù tí ẹlẹ́gbè bá mú wá, ti ọ̀gá ni. Kì í ṣe olè jíjà. Bí wọ́n ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn.

Orin tó fi ń kí àwọn tó ń ti Mẹ́kà bọ̀ ni rédíò ń lò ṣáá, kọ́bọ̀ kò sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ephraim ṣàlàyé pé àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ń bá olórin gba owó bẹ́ẹ̀, pé méjì ti ń wá a, ṣùgbọ́n kò lè fi orin kan sọ́wọ́ méjèèjì. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yóò san àsansílẹ̀, orúkọ Kàfáyá nìkan ni yóò sì kọ. Ìkejì kò ní àsansílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń pín owó, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú ìṣẹ̀dá orin ni yóò fọwọ́ sí ìwé, tí yóò sì gba tirẹ̀.

Ara Kàfáyá kò balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Ojú Ọ̀rẹ́, kò ní í ran ìlà kan tán tí yóò fi dìde, yóò dé ẹnu ọ̀nà, yóò padà. Ègbè orin náà ló ń dà á láàmú. Naimat, ẹlẹ́gbè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló mú un wá, lọ́jọ́ tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé. Ègbè yẹn gan-an sì ni àwọn èèyàn ń súfèé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Sùlè àbúrò rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ gbogbo ẹni tó ṣe 'hẹn' sí orin yín lẹ fẹ́ kó jọ, ẹ pe Làdánì mọ́ṣáláṣí náà kún un o! Ẹ gba owó ojú ẹsẹ̀, jàre."

Kàfáyá kò rẹ́rìn-ín. Ó wọkọ̀ lọ sí Ṣàngó, ó dúró lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ tí Naimat ti ń di bisikíìtì, títí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ fi jáde. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì na ìwé ẹgbẹ́ kejì sí i.

"Ọ̀gá mi! Àṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo mú ègbè yẹn wá?"

"Mo mọ̀."

"Látìgbà wo?"

"Látọjọ́ tá a ti ń ṣa ẹ̀wà."

Naimat tẹ́ ìwé náà sára tírélà kan tó dúró, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló wojú ọ̀gá rẹ̀. "Owó á dé, bó bá máa dé. Ṣùgbọ́n nínú orin yẹn, ẹ dárúkọ ara yín, ẹ dárúkọ ọkọ yín, ẹ dárúkọ gbogbo àwọn àáfà àdúgbò. Èmi ńkọ́?"

Orin ti jáde. Ohun tó ti jáde kò ṣeé pè padà.

Ẹgbẹ́ kejì ló mú. Nígbà tó yá, owó kékeré kan dé, wọ́n sì fi ti Naimat ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí rédíò bá ti gbé orin náà, tó dé ibi tí Kàfáyá ti ń ki àwọn èèyàn rẹ̀, yóò dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, yóò pe orúkọ Naimat sókè láàárín aṣọ tó ń rán. Rédíò kò bá a pè é. Gbèsè yẹn ṣì wà nílẹ̀.