Èló Ni Oorun Dirk?

Títí di òní olónìí, bí àlejò bá béèrè "Èló ni?" nílé ọtí ìlú Tarrabool, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná á dáhùn pé, "Ẹ bi màlúù!" Gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Olóògbé Alby Treloar ló ni ọ̀rọ̀ náà. Alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, abẹ́ màlúù ló sì wà, ìgbẹ́ ẹran títí dé etí, lọ́jọ́ tí àjọ líìgì rán Ọ̀gbẹ́ni Noel Pettifer sí i.

Pettifer ló ń ṣọ́ òfin owó fún líìgì. Aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfúnwàrà Dirk Hoekstra, agbábọ́ọ̀lù wọn tó tún ń sin màlúù, ní ìdájí Sọ́ńdè.

"Alága, wọ́n ní ẹ̀ ń bá Dirk fún wàrà kó má bàa fi ẹgbẹ́ yín sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ṣé ẹ ò rí mi ni?"

"Ohun tó bá lówó lórí gbọ́dọ̀ wọ inú gbèdéke owó agbábọ́ọ̀lù o. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe yìí, èló ni?"

Alby yọ orí jáde lábẹ́ màlúù. "Iṣẹ́ tèmi? Ẹ bi màlúù!"

Màlúù tí wọ́n ń pè ní Duchess sì dáhùn lóòótọ́. Ó ta ìpá, ẹ̀rọ já kúrò lọ́mú rẹ̀, wàrà tú dà sórí bàtà tó ń dán.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé ni, ó yẹ ká mọ irú èèyàn tí Alby jẹ́. Kò ra nǹkan kan rí ní iye tí wọ́n pè é. Dókítà yọ eyín méjì lẹ́nu rẹ̀, ó ní ẹyọ kan ló ń dun òun, owó ẹyọ kan lòun máa san. Bí dókítà bá fẹ́ owó èkejì, kó dá eyín náà padà síbi tó ti rí i. Ó ná katakata kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan títí ilẹ̀ fi ṣú, ó tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó wà á lọ, ajá àgbẹ̀ náà ló jókòó tì í, àgbẹ̀ ò sì mọ ìgbà tí ajá wọ inú ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí Dirk fẹ́ lọ, Alby fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Dirk ni agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó dára jù ní gbogbo líìgì náà. Nínú irú bọ́ọ̀lù tiwọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ gbá, kò sí bọ́ọ̀lù tó ga sókè níwájú òpó Tarrabool tí kì í bọ́ sí i lọ́wọ́. Mirrin, ìlú tó múlé gbè wọ́n, ti pè é pẹ̀lú owó gidi. Tarrabool ò lè fi dọ́là kan lé tirẹ̀, torí líìgì fi gbèdéke sí owó tí ẹgbẹ́ kan lè san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, tiwọn sì ti kún dé ẹnu. Bí Dirk bá lọ, àwọn ọ̀dọ́ á tẹ̀ lé e. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n pa ẹgbẹ́ rẹ́, kí gbogbo wọn lọ máa wọ aṣọ pupa Mirrin.

"Inú pósí ni wọ́n á ti fi pupa wọ̀ mí," ni Alby wí, ó sì mú akápò ẹgbẹ́ dání lọ sílé Dirk.

Dirk ò fẹ́ lọ ní ti òótọ́, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ dọ́kàn. Ó jókòó síwájú tíì rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀dọ́ àgùntàn kan lóṣù, Dirk," ni Alby bẹ̀rẹ̀.

Akápò wúkọ́. "Alága, àgùntàn lówó lórí."

"Igi ìdáná ńkọ́?"

"Igi náà lówó lórí."

"Kí n máa gbàdúrà fún un ńkọ́?"

Akápò ronú sí i. "Ìyẹn ò lówó lórí. Ẹ lè máa gbà á."

Colleen, ìyàwó Dirk, gbé ìkòkò tíì kalẹ̀ gbàgà. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí sú mi o! Alága, wọ́n á gbá ọkọ mi lulẹ̀ ní Sátidé, gbogbo ara á wú, kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́ ó ti tún dìde lọ fún wàrà. Owó Mirrin á tó láti gba alágbàṣe, ìdí tó fi ń wò ó nìyẹn. Oorun ló ń wá!"

Ojú ti Dirk, àmọ́ òótọ́ ni. Látìgbà tó ti di ọkọ ìyàwó, oorun rẹ̀ kì í dúró de oòrùn.

Alby rọra mu tíì. "Oorun. Èló ni wọ́n ń tà á?"

"Wọn kì í ta oorun, Alága," ni akápò wí.

"Ohun tí wọn kì í tà ò sí nínú gbèdéke." Ó na ọwọ́ sí Dirk. "Èmi á máa bá ọ fún wàrà ní gbogbo Sọ́ńdè, kí ìwọ máa sùn."

"Ṣé ẹ mọ wàrà fún ni?" ni Dirk bi í.

"Rárá."

"Ẹ̀rù màlúù ń bà yín, Alága!"

"Ó ń bà mí gidi. Bọ̀ mí lọ́wọ́ kí n tó yí ọkàn padà."

Bó ṣe di pé Pettifer dúró sínú ilé ìfúnwàrà nìyẹn, wàrà nínú bàtà. Ariwo ti jí Dirk, ó sáré dé pẹ̀lú aṣọ oorun. Pettifer ní òun mọ iye tí alágbàṣe ń gbà, iye náà lòun máa kọ.

"Ẹ kọ ọ́," ni Alby wí. "Kí ẹ wá yọ wàrà tí mo bà jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ yọ ọgbà Colleen tí màlúù jẹ run torí mo gbàgbé géètì. Ẹ yọ ẹ̀rọ tí Duchess ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ yìí."

Pettifer wo Dirk. Dirk mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Pettifer ṣírò, ó tún un ṣírò, ojú rẹ̀ yí padà. "Alága, gbèsè ni iṣẹ́ yín."

"Àbí ẹ ò rí i? Dirk ló ń sanwó fún wa! Ẹ bá mi yọ ọ́ nínú gbèdéke. Mo fẹ́ fi àyè tó bá ṣẹ́ kù mú agbábọ́ọ̀lù iwájú kan."

Pettifer pa àpò rẹ̀ dé, ó ní òun ò lè díwọ̀n irú èyí láyé. Ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Dirk dúró ní Tarrabool títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Wọn ò gba ife kankan, àmọ́ aṣọ tiwọn ni wọ́n ń wọ̀. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó dìde ní ìdájí, ó sì gbọ́ tí Alby ń bú Duchess.

"Alága, mi ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Àdéhùn wa ti parí."

"Ìwọ lo fẹ̀yìn tì. Duchess ò tíì fẹ̀yìn tì."

"Ẹ lọ sinmi nílé, ẹ jọ̀ọ́."

Alby fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ màlúù. "Ilé dákẹ́ jù ní Sọ́ńdè, ọmọ mi. Látìgbà tí Una ti kú."

Una ni ìyàwó rẹ̀. Dirk wá rántí pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin ín nígbà tí wọ́n jọ bọwọ́ nídìí tíì yẹn. "Hà! Ẹ̀yin gan-an ń wá ibi tí ẹ máa lọ. Ẹ ò bá ti sanwó fún mi!"

"Ṣé o bi mí ni?"

Dirk rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Ìgbà òtútù ni Alby kú. Ó ti bá ẹni tó ń ta pósí dúnàá dúrà sílẹ̀: ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa lò ó, kí wọ́n dín in kù. Wọ́n sì dín in kù.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Dirk jí ní ìdájí, ó gbà pé oorun òun ti parí. Àfi bó ṣe rí iná nínú ilé ìfúnwàrà. Pettifer ló bá níbẹ̀, tó ti fi iṣẹ́ líìgì sílẹ̀, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mo lọ kí i nílé ìwòsàn," ni Pettifer wí. "Ó ní kí n máa wá ní Sọ́ńdè kan lóṣù. Mo kọ̀. Ó ní ó dáa, ká sọ ọ́ di méjì. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é, Dirk. Gbogbo Sọ́ńdè la parí ẹ̀ sí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Dirk, àárò bàbá náà sì gbá a láyà. "Èló ni kí n máa san fún yín?"

Pettifer wo Duchess, ó wo ilẹ̀.

"Bi màlúù," ó ní.

Dirk padà lọ dùbúlẹ̀ ti Colleen. Ó sunkún díẹ̀. Ó wá gbọ́ tí Duchess ta ìpá, tí Pettifer pariwo, ó sì rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà ló sùn, ó sì sùn títí oòrùn fi yọ.