Ẹni Tó Mú Tọ́ọ̀ṣì Kì í Sọ̀rọ̀

Nílé wa, ẹni tó bá mú tọ́ọ̀ṣì kì í sọ̀rọ̀. Òfin bàbá mi nìyẹn. Ó lè bú ọ, ó lè bú ìyá tó bí ọ, ìwọ ṣáà di iná mú kí o sì pa ẹnu rẹ dé. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́tò wa fúnra rẹ̀, ọdọọdún ló sì máa ń pààrọ̀ ti gíà, lábẹ́ páànù tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìlaròó, níbi tí òkùnkùn máa ń wà lọ́sàn-án gangan. Kò gbà pé mẹ́káníìkì kankan mọ nǹkan kan. Olè ni gbogbo wọn lójú tirẹ̀, èyí tí kì í bá ṣe olè nínú wọn, ọ̀dẹ̀ ni.

Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìntì, ó sì ń gbé ẹgba ilé-ìwé bọ̀ wálé. Èmi ni mo ń mú tọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méje. Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n. Bí iná bá ti mì pẹ́nrẹ́n, á na apá jáde lábẹ́ mọ́tò, á fi orí sípánà kàn mí lórí ìka, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó lé eṣinṣin. Ìka mi kan lọ́wọ́ òsì wọ́ títí dòní. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, òrùka kọ̀, kò wọ̀ ọ́, àwọn èèyàn rò pé sísanra ni mo sanra.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo rú òfin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ Àìkú ni. Bàbá mi kò tíì dé bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì padà tó fi ń da ọ́ìlì tuntun sí i lókè. Mo ní, "Sà, ó ń jò." Òótọ́ ni mo sọ. Ó sáré wọ abẹ́ mọ́tò, ó dé bọ́ọ̀tì náà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ tán, ó wá ní kí n ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ inú abọ́ ọ́ìlì dúdú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde, títí dé ọrùn ọwọ́. Kò jẹ́ kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pè mí jáde níwájú gbogbo ilé-ìwé, ó gbé ọwọ́ mi sókè, ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọn ò bi í." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọlọ́wọ́-ọ̀bọ ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde níwèé mẹ́fà. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Bàbá mi wá dàgbà. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ní èyí tó ti lọ níbẹ̀ kò ní padà wá. Imú rẹ̀ ní tirẹ̀ ti kú tipẹ́ nítorí aáṣà. Ó lè jókòó ti ọbẹ̀ tó ń jóná kó má mọ̀. Ọjọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọlọ́kadà kan lójú títì Ìdọgọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Èmi tí mo ń kọ́ni ní politẹ́kíníìkì, tí ilé ọkọ mi tú tí mo sì ti padà sílé bàbá mi, ni mo wá ń wa mọ́tò náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́, orí àga ìfẹ̀yìntì ló wà, ohun kan ṣoṣo tó sì lè gbé e dìde níbẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ́ mọ́tò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo sọ fún un lójú màmá mi pé kó jẹ́ kí n máa gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì.

Ó ní, "Ìwọ tí o ò lè di tọ́ọ̀ṣì mú, tí o ò lè di ọkọ mú, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní mọ́tò?"

Màmá mi ní, "Bàbá, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ rọra sọ? Ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe mọ́tò yìí tó bàjẹ́, n ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ nílé yìí. Kẹ́ ẹ máa gbé mi kiri bí àga."

Mo gbọ́ ọ, mo sì fi í pamọ́.

Nínú oṣù kẹta ọdún, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ọjọ́ gíà pé. A ti fẹ́ lọ sí Ayétòrò lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti lọ kí ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ṣàìsàn, bàbá mi sì ní òun á ṣe ẹ́ńjìnnì àti gíà kí a tó gbéra. Kí n tó lọ jìnnà, kí n sọ ti kẹ́ẹ̀gì. Bàbá mi kì í jẹ́ kí wọ́n da kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì nù. Tó bá ti lò ó tán, màmá mi á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, á sì máa rọ epo pupa tí wọ́n ń bá a rà wá láti Ifọ́nyìntẹ̀dó sínú rẹ̀. Ìrépé aṣọ funfun ló máa ń so mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì epo kó lè dá a mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni gbogbo wọn máa ń wà, dúdú ni gbogbo wọn, ọgbọọgba sì ni wọ́n.

Ó ṣe ẹ́ńjìnnì tán láìsí wàhálà. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ iṣẹ́. Ó fi ìka wá bọ́ọ̀tì kàn, ó tú u, ó fà á gbẹ, ó dé e padà. Ó tú ti gíà náà, ọ́ìlì tó pọ́n tó ti ń dúdú dà sínú abọ́. Ó dé bọ́ọ̀tì náà padà, ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì kan bọ̀. Mo tan iná sí i lára. Ìrépé aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ṣí i, aṣọ náà sì já bọ́ sílẹ̀. Òórùn epo pupa gba gbogbo abẹ́ páànù. Ó ki àrọ bọ ojú ihò tí wọ́n ń fi géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà, sí, ó da díẹ̀ sórí àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi ìka méjì pa á.

"Ó ki," ó ní. Inú rẹ̀ dùn. "Àwọn mẹ́káníìkì rẹ ò lè rí irú èyí rà. Àbí kò ki?"

Ó bi mí. Ìbá jẹ́ pé kò bi mí, ǹ bá fi òfin rẹ̀ bojú títí dọ̀la. Ó bi mí, mo sì dáhùn.

Mo ní, "Ó ki, sà."

Ó dà á títí kẹ́ẹ̀gì fi gbẹ. Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi kò mì. N kò mọ ibi tí ọwọ́ mi ti rí agbára yẹn, ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n láti ọmọ ọdún méje. Mo wo epo tó ń ṣàn wọlé, mo ń rántí ilé-ìwé, inú mi sì ń dùn. Mo lè dá a dúró nígbà yẹn. Mo tún lè sọ̀rọ̀ nígbà tó ń nu ọwọ́, tàbí nígbà tó ń pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo tan mọ́tò náà, tí èmi fúnra mi fi ń lọ síbi iṣẹ́, mo sì wà á.

Gíà bẹ̀rẹ̀ sí í já kí a tó dé Ayétòrò. Nígbà tí a kan òkè kan, ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò kò lọ, òórùn sì gbòde bí ẹni pé wọ́n ń dín àkàrà. Màmá mi fi ẹnu gèlè bo imú, ó ní, "Kí ló ń rùn báyìí?" Bàbá mi ní òun ò gbọ́ òórùn kankan, bóyá èmi ni n ò mọ̀ ọ́n wà.

Ọlọ́kadà kan bá wa pe mẹ́káníìkì wá. Ọkùnrin náà fa géèjì gíà yọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ojú mi, ó wo ojú bàbá mi. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó sì ń gbìyànjú láti gbé e mì.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ta ló ṣe gíà yìí?"

"Èmi ni," bàbá mi ní, ó sì na àyà.

"Epo pupa lẹ rọ sí i, sà."

Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Ẹnìkan ní kí wọ́n gbé ẹ̀wà wá. Ẹlòmíràn ní, "Ṣé kì í ṣe Tíṣà Ìlaròó nìyẹn?" Bàbá mi ní irọ́ ni, ó ní àwọn mẹ́káníìkì ti tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bá a jà. Ó kàn na géèjì sí i, ó ní, "Bàbá, ẹ tọ́ ọ wò."

Bàbá mi wá géèjì náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó bà á. Ó fi ìka nù ún, ó fi ìka náà sí ahọ́n, lójú gbogbo wọn. Mo rí i nígbà tó mọ̀. Ẹnu rẹ̀ dúró, ọ̀fun rẹ̀ gbé e mì, kò sì tu ú dànù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ni mo di apá rẹ̀ mú padà sínú mọ́tò. 

Lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi bá mi ní ilé ìdáná. Ìrépé aṣọ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́ páànù ló ti rí i. Ó gbé e síwájú mi.

"Bàbá rẹ fọ́jú," ó ní. "Imú rẹ̀ kú. Ìwọ ńkọ́?"

 Kò lù mí, kò bú mi, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹran tó rà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ìkòkò bí ẹni pé èmi kò sí níbẹ̀.

Bàbá mi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Tí wọn ò bá gbé omi fún un, kò ní béèrè omi. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ń kọjá lẹ́yìn àga rẹ̀, ó dá ẹsẹ̀ mi mọ̀, ó sì pè mí. Màmá mi wà níbẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n á máa rò pé ìwọ lo ṣì mí lọ́nà. Kì í ṣe ìwọ o. Ojú tèmi ni. Iná ọwọ́ rẹ kò mì rárá lọ́jọ́ yẹn, ó dúró gbọin. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo rí i. O ṣeun, ọmọ mi."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ọkùnrin yẹn kò yìn mí rí. Màmá mi ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."