Okùn Funfun Mẹ́rin

Bàbá Katsumi kì í dédé fọwọ́ kan nǹkan níbi iṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ nàka sí i, wọ́n á wá pariwo ohun tí wọ́n rí: "Ẹ̀rọ, ó ti tì!" "Okùn, aró!" Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn, kí ojú, ọwọ́ àti ẹnu lè jọ jẹ́rìí sí nǹkan kan náà. Àwọn ló kọ́ wa, títí kan Ọ̀gá Shiga. Apẹja ni Bàbá kí òkun tó ya wọ̀lú, tó gbé ọkọ̀ wọn lọ. Tomoki ọmọ wọn ló ń pẹja báyìí, àwọn oníbàárà sì ń wo ẹja ọmọ náà bí ẹni ń wo májèlé.

Iṣẹ́ wa ni láti yọ oró ìtànṣán kúrò nínú omi iyọ̀ tó ń jáde nílé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tí òkun bà jẹ́. A ń da òkúta lílọ̀ sínú àgbá irin, omi á gba inú rẹ̀ kọjá, òkúta á di oró mú. Àmọ́ òkúta lásán kò wúlò nínú omi iyọ̀, iyọ̀ á ti gba àyè kí oró tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po oògùn mọ́ tiwa, kó lè fi iyọ̀ sílẹ̀ kó mú oró. Àpò méjèèjì jọra. Olóògùn ní okùn aláwọ̀ aró lẹ́nu, ti òkúta lásán ní okùn funfun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi Mitsue wà nídìí ẹ̀rọ tó ń wọn omi. Nọ́ńbà oró inú omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Yéè! Tó bá fi máa di ogún ìṣẹ́jú, omi yẹn á wọ táńkì ńlá, omi oṣù mẹ́ta tí a ti fọ̀ mọ́ á bàjẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ti páìpù yẹn!"

"Mitsue, fara balẹ̀," Ọ̀gá Shiga wí. "Ẹ̀rọ rẹ máa ń ṣe ségesège. Tún un wọ̀n."

"Ogójì ìṣẹ́jú ni àtúnwọ̀n! Kí ló máa wá kù?"

"Bàbá Katsumi fúnra wọn ló da òkúta sí àgbá yẹn láàárọ̀. Àbí o fẹ́ pè wọ́n ní òpùrọ́ ni?"

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo tún pariwo pé nọ́ńbà ṣì ń gòkè.

Bàbá Katsumi gbé ife tíì wọlé. "Ìwọ ọmọ yìí, ohùn rẹ á ya òrùlé lọ́jọ́ kan. Kí ló dé?"

Mo fi nọ́ńbà hàn wọ́n. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n sáré jáde lọ síbi tí a ń kó òfìfo àpò sí. Mo ń wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó ku mẹ́fà.

Wọ́n padà dé pẹ̀lú okùn mẹ́rin lọ́wọ́, funfun ni gbogbo rẹ̀.

"Èmi ni," wọ́n wí. "Àwọn tó ń kó ẹrù ṣi àpò gbé wá, mo nàka sí i, mo sì pè é ní aró. Ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n pè jù, ojú mi ò bá a lọ. Ọ̀gá, ẹ tì í!"

Ọ̀gá Shiga tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù.

A bu omi táńkì, a wọ̀n ọ́n. Fún odindi ogójì ìṣẹ́jú, Bàbá Katsumi ò jókòó.

"Ṣé oró wọ táńkì?"

"Kò wọ̀ ọ́, Bàbá. Omi mọ́ tónítóní."

Wọ́n tẹrí ba fún mi títí ojú fi tì mí. Wọ́n wá tú káàdì iṣẹ́ kúrò láyà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú Ọ̀gá Shiga.

"Ha, Bàbá! Ta ló lé yín?"

"Ọ̀gá, orúkọ mi lẹ gbà gbọ́ lónìí, ẹ ò gba omi gbọ́. Tí mo bá wà níbí lọ́la, ohun tẹ́ ẹ tún máa ṣe nìyẹn."