Wáyà Tí Onílé Mi Fà Gba Orí Àjà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí onílé mi fojú mi rí ní Kétu, láyé ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gba inú wáyà tẹlifóònù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú fóònù yín tí fídíò bá dúró díẹ̀, ẹ gbọ́ o!

Mo ní ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ nígbà náà, kọ̀ǹpútà méjì péré, nínú yàrá iwájú ilé Bàbá Onílé. Modẹ́ẹ̀mù mi, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà, á ké títí bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù kó tó wọlé. O lè mu gàrí tán kí ojú ìwé kan tó ṣí!

Ni mo bá ra tuntun lọ́wọ́ Mùsíbáù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní modẹ́ẹ̀mù ló ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ohùn kó lè gba inú wáyà kọjá. Èyí tuntun yìí ń di ọ̀rọ̀ púpọ̀ sínú ohùn kan, ó sì ń fún un pọ̀ kó tó rán an, ìdí nìyẹn tó fi yá. Àmọ́ bí ariwo bá wà lórí wáyà, á fa ẹsẹ̀ kí òun àti ti òdìkejì lè gbọ́ra yé.

Kí ni mo wá rí? Kò yá ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ń já ṣáá! Àwọn oníbàárà ń pè mí ní olè.

Ọjọ́ kan, Ìyá Ràfíù dé láti Idigny ní agbègbè Kétu. Ọkọ rẹ̀ wà ní Gàbọ́ọ̀nù, ó ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀sán yẹn nìkan ló sì ní láti fi kọ̀wé sọ ibi tó ń lọ. Èmi ni mò ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà bi í léèrè ọmọ, ó ní òun fẹ́ sọ orúkọ ìlú náà. Íńtánẹ́ẹ̀tì já! A pè, a pè, kò wọlé mọ́. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Mo lọ fa Mùsíbáù lẹ́wù wá. Ó ní modẹ́ẹ̀mù kò jẹ̀bi, pé ariwo ẹlòmíràn ló wà lórí wáyà yìí. A bá tọ wáyà náà lẹ́yìn, a rí òmíràn tí wọ́n so mọ́ ọn, ó gba ara ògiri, ó gba orí àjà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú pálọ̀ Bàbá Onílé! Bàbá gbé tẹlifóònù sétí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bàbá, wáyà mi lẹ ń lò yìí?"

"Ògiri mi ló gbà. Kí ló kàn ọ́?"

Mo fi Ìyá Ràfíù tí omijé ń dà lójú rẹ̀ hàn án. Kò tiẹ̀ wò ó. Ó ní ṣé òun lòun rán ọkọ rẹ̀ lọ sí Gàbọ́ọ̀nù ni?

Ẹ̀jẹ̀ mi ru! Mo mú ọ̀bẹ, mo gé wáyà náà lójú rẹ̀. Ó ní kí n kó jáde. Mo kó jáde! Ní ṣọ́ọ̀bù tuntun, modẹ́ẹ̀mù yẹn kan náà ń sáré bí ẹṣin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí Ìyá Ràfíù tó gbúròó ọkọ rẹ̀.

Wọ́n ní àgbà ni bàbá yẹn, kí n dárí jì í. Títí dòní, n kì í kí i.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí a tó bú ẹ̀rọ, ká kọ́kọ́ wo ẹni tí a jọ ń gbélé. Ta ni onílé ti fojú tiẹ̀ rí màbo? Ẹ kọ ọ́ síbí, ká jọ bínú!